Agbaṣẹ́ṣe káńsù gbé ìrẹsì wá síbi ìkómọ: ṣé kí kánsẹ́lọ̀ gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bíi kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta sìmẹ́ǹtì, pákó àti páànù. Káńsù fẹ́ tún ọjà wa kọ́, agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà sì ti ní ọ̀dọ̀ mi lòun ó ti máa ra sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí a kó ọmọ-ọmọ mi jáde, ó gbé àpò ìrẹsì márùn-ún wá, pẹ̀lú owó nínú ẹ́ńfílóòpù. Àwọn àgbà ilé wa ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn, pé ẹni tó bá kọ ẹ̀bùn ìkómọ, ìgbéraga ló ń ṣe. Àwọn obìnrin ọjà náà fẹ́ ṣe àpèjẹ ìkíni fún mi, mo sì gbọ́ pé fíríìjì ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀. Agbẹjọ́rò, èwo ni kí n gbà, èwo ni kí n dá padà? Ṣé dandan ni kí n ti ṣọ́ọ̀bù mi?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú oríire ipò, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ dá ẹ́ńfílóòpù yẹn padà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ dá ìrẹsì náà padà. Tí wọ́n bá ti sè nínú rẹ̀, ẹ san owó èyí tí wọ́n sè. Àwọn ìbéèrè yòókù lè dúró kí n ṣàlàyé, ti agbaṣẹ́ṣe yìí kò lè dúró.

Ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ ló rò pé gómìnà àti mínísítà nìkan ni òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ń bá wí. Inú Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni òfin náà wà, apá kejì rẹ̀ sì to àwọn ipò tó kàn lẹ́sẹẹsẹ. Alága, ọmọ ìgbìmọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún yín lẹ ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Òfin náà kò kórìíra àṣà o. Ìpínrọ̀ 6 gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá fàyè gbà á àti lásìkò tí àṣà bá fàyè gbà á. Ẹ̀gbọ́n yín tó ra ewúrẹ́, àwọn tẹ́ ẹ ti jọ ń ra aṣọ ẹbí kẹ́ ẹ tó ronú òṣèlú rárá, ẹ gba tiwọn, kẹ́ ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan náà ní ẹ̀bùn tó bá ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tàbí ẹni tó ní kọ́ńtíráàtì ìjọba lọ́wọ́ wá, òfin á ti kà á sí èyí tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́, àyàfi tí ẹni tó gbà á bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí ẹrù náà wà. Kì í ṣe ìjọba ló máa fi ẹ̀rí hàn pé rìbá ni, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kì í ṣe rìbá. Kí lẹ fẹ́ sọ? Ṣé ọkùnrin yìí wá síbi ìkómọ kankan nílé yín rí kẹ́ ẹ tó wọlé?

Ní ti àwọn àgbà tó ń sọ pé àṣà ni, ẹ bá mi kí wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé abala 60 òfin ICPC ti ọdún 2000, ìyẹn òfin àjọ tó ń gbógun ti rìbá àti ìwà àjẹbánu, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wá sọ ní kóòtù pé irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣà nídìí iṣẹ́ kan tàbí lóde ìnáwó. Ó jọ pé àwọn tó kọ òfin náà ti jókòó lóde ìnáwó wa dáadáa.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a padà ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ọmọdé rán an, ẹ má sì fi fóònù yanjú rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ṣókí tó sọ ohun tó gbé wá, ọjọ́ tó gbé e wá àti ìdí tẹ́ ẹ fi ń dá a padà. Kí ẹni méjì wà níbẹ̀, kí òun náà fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á. Ẹ fún HLA, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù yín, ní ẹ̀dà kan. Tó bá sọ pẹ́nrẹ́n pé torí kẹ́ ẹ lè ti òun lẹ́yìn lòun ṣe mú un wá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní dídápadà nìkan: abala 23 òfin ICPC ní kẹ́ ẹ fi tó àjọ ICPC tàbí ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín létí, ẹni tó bá sì dákẹ́ láìnídìí lè fẹ̀wọ̀n jura.

Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ló gùn jù, torí òun ló jọ ohun tí kò léwu. Ẹ ó ní ọjà lẹ ń tà, owó ló máa san, kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ lẹ máa jókòó lé iye tí káńsù fẹ́ ná lórí ọjà náà, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ wo iṣẹ́ kí wọ́n tó san owó tó kù fún un. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé yanrìn ti pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ nínú búlọ́ọ̀kù, ṣé ẹ ó lè pariwo, nígbà tó ṣì jẹ yín lówó ọjà tó kó lọ, tó sì ní òun ń bọ̀ wá kó òmíràn? Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ohun tí ìpínrọ̀ 1 òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ń wí nìyẹn: kí òṣìṣẹ́ ìjọba má gbé ara rẹ̀ síbi tí èrè tirẹ̀ á ti máa bá iṣẹ́ ìlú jà. Kò dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe màgòmágó. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ló ń wò.

Abala 12 òfin ICPC tún le jùyẹn lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó mọ̀ọ́mọ̀ ní ìpín, ní tààrà tàbí ní kọ̀rọ̀, nínú kọ́ńtíráàtì tó jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí tó so mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló ń wò. Ẹ lè rí agbẹjọ́rò tó máa sọ pé títa sìmẹ́ǹtì fún oníbàárà kì í ṣe ìpín nínú kọ́ńtíráàtì. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé jà ni, èmi náà lè jà á. Kóòtù la ó ti máa jà á, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sanwó rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má ta ẹyọ àpò kan fún un títí iṣẹ́ ọjà yẹn á fi parí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi orúkọ ọmọ tàbí àbúrò ọkọ yín tà á. Ọgbọ́n yẹn ti gbó. Ìpínrọ̀ 13 òfin ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ní ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ẹlòmíràn bojú ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Abala 19 òfin ICPC náà dárúkọ ẹbí àti alábàáṣe: ẹni tó bá fi ipò rẹ̀ wá àǹfààní àìtọ́ fún wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni, láìsí àyè owó ìtanràn.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjà náà bá tún dé ìpàdé, ẹ dìde kẹ́ ẹ sọ pé ohun èlò ìkọ́lé lẹ ń tà, àti pé agbaṣẹ́ṣe náà ti fi ọjà lọ̀ yín. Kí kílàákì ilé kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìbò lórí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè fi yín rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ kò ní láti ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí ìpínrọ̀ 2 kọ̀ ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà máa darí òwò tàbí máa kópa nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Àwọn kan ń jiyàn pé iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ kì í ṣe ti gbogbo ìgbà. Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gba owó oṣù, mi ò ní gbára lé àríyànjiyàn yẹn tó bá jẹ́ èmi. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́, kó máa darí ṣọ́ọ̀bù, kó máa rajà, kó máa fọwọ́ sí ìwé báńkì. Tiyín náà ni ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́.

Ti fíríìjì rọrùn. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá gbé fún yín lóde ìta gbangba nítorí ipò yín, káńsù ló ni ín lójú òfin. Ẹ gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí káńsù lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú lẹ́tà. Ó máa wúlò níbẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ kò béèrè: fọ́ọ̀mù ìkéde dúkìá. Ìpínrọ̀ 11 ní, ní kété tẹ́ ẹ bá gorí ipò, kẹ́ ẹ kéde fún Code of Conduct Bureau, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin ìwà yìí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní àti gbèsè tẹ́ ẹ jẹ, kẹ́ ẹ tún ṣe é lópin sáà. Òfin tó dá Bureau sílẹ̀ fi ti ọkọ tàbí aya kún un. Sìmẹ́ǹtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ kò tíì kọ́, owó àjọ, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ilé tí wọn kò tíì ní, kí èyí tí wọ́n máa jí kọ́ lè ti wà nínú ìwé ṣáájú. Irọ́ inú fọ́ọ̀mù náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ má sì fojú kékeré wò ó. Lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ni Code of Conduct Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó bá rú òfin ìwà náà, fi ní kí Walter Onnoghen kúrò nípò adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní April 2019. November 2024 ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà. Tribunal lè yọ ènìyàn nípò, kó ní kò gbọ́dọ̀ di ipò ìjọba mú fún ọdún mẹ́wàá, kó sì gba dúkìá tó fi ipò kó jọ.

Ọ́fíìsì Bureau ní Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ ti béèrè fọ́ọ̀mù náà. Ẹ búra sí i ní ilé-ẹjọ́ gíga kẹ́ ẹ tó dá a padà, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ yín.