Ṣé kóòtù wa níbí lè gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n pa ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ará abúlé wa lọ́jọ́ kan náà, a sì mọ ẹni tó rán wọn. Wọ́n ní ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn (crimes against humanity), ìyẹn ìkọlù ńlá tí wọ́n ṣètò sí aráàlú, ni. Ṣé kóòtù Nàìjíríà lè gbọ́ ọ àbí kóòtù ọ̀daràn àgbáyé (ICC) ní Hague la máa lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú. Ká má tanra wa, ẹ ò lè fi orúkọ yẹn gan-an pe ẹjọ́ níbí. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Rome, èyí tó dá kóòtù Hague yẹn sílẹ̀, láti 2001 lóòótọ́, ṣùgbọ́n section 12 nínú kọnsitíṣọ̀n ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ò lágbára àfi táwọn aṣòfin l'Abuja bá sọ ọ́ dòfin, wọn ò sì tíì ṣe é.

Àmọ́ mọ́dà (ìpànìyàn) ni mọ́dà ń jẹ́, kò sí iye ọdún tó máa kọjá tí wọn ò ní lè pe ẹjọ́ ẹ̀ mọ́, ẹni tó ránni níṣẹ́ ikú náà sì wà ńbẹ̀. Ẹ wo ti Kudirat Abiola, ìyàwó MKO Abiola, June 1996 ni wọ́n yìnbọn pa á l'Ékòó, mọ́dà àti kọnsipírésì (pé ó bá wọn dìtẹ̀) nìjọba Èkó fi kan Major Al-Mustapha, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Abacha, High Court ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un ní 2012, nígbà tó di 2013 Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí ò dúró, torí àwọn ẹlẹ́rìí ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ibi tí irú ẹjọ́ yìí ti ń dojú dé nìyẹn. Torí náà, ìwé ikú, ìwé dókítà tó yẹ òkú wò, fọ́tò, ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ báyìí, kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sì lọ búra áfídéfìtì nígbà tọ́rọ̀ ṣì tutù lẹ́nu wọn.

Ẹ má gbójú lé pánẹ́lì o. Ti Oputa tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1999 láti wádìí bí ìjọba ṣe tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀, gbogbo wa la wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀gágun kan tó ti ṣolórí ìjọba rí kọ̀ wọn ò yọjú, Supreme Court tún sọ ní 2003 pé ìjọba àpapọ̀ ò lágbára láti gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Hague? Ẹ lè kọ̀wé sí wọn, kò ní kí ẹ má kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé bá kọ̀ tàbí tí ò lè ṣe é ni wọ́n ń dá sí i. Tó bá jẹ́ gómìnà ló rán wọn, section 308 nínú kọnsitíṣọ̀n ń bò ó ní kóòtù níbí títí táá fi kúrò lórí àga.

Ní báyìí, ẹ kọ pẹ̀tísọ̀n sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ fún DPP (ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn) ní Ministry of Justice ìpínlẹ̀ yín ní ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín.