Ẹ Má Fi Rọ́bà So Èjí Pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8. Àlàfo wà láàárín eyín iwájú méjèèjì tó hù padà fún un lókè. Èmi náà ní èjí, mo ti pé ọdún 41, ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì ni èjí mi ti ń fẹ̀ sí i. Wọ́n ní wáyà eyín kò ṣiṣẹ́ fún àgbà mọ́, pé kí n máa fi rọ́bà kékeré so eyín méjèèjì pọ̀ lálẹ́, wọn á pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ra rọ́bà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè lò ó fún ọmọ náà pẹ̀lú?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má lò ó fún ọmọ, ẹ má sì lò ó fún ara yín. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ sì kà á: iye tó wọ ẹnu gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè yìí, àwọn tó ń ta rọ́bà kò sì yéé tà á. Fídíò tí wọ́n ń fi hàn yín kì í parọ́ pé eyín sún. Eyín á sún lóòótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọn kì í gbà sínú fídíò.

Wọn kò fi gúlù lẹ eyín mọ́ eegun. Àwọn okùn tín-ín-rín ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ihò tó jókòó sí nínú eegun àgbọ̀n, àyè tí àwọn okùn yìí wà kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Bí agbára díẹ̀ bá ń ti eyín láìdáwọ́ dúró, ara á máa jẹ eegun tó wà níbi tí eyín ń lọ, á sì máa mọ eegun tuntun síbi tó ti kúrò. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rọra ṣe é. Bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, bíi mìlímítà 1 lóṣù ni eyín ń sún. Bí a bá fi agbára fà á, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn okùn yẹn, eyín á máa ro yín, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè máa kúrú.

Rọ́bà tí ẹ rà kò ní ohun tí yóò dì í mú. Gbòǹgbò eyín iwájú dà bí èèkàn tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀: ó nípọn níbi tó ti yọ síta, ó sì ń tín-ín-rín lọ sínú eegun. Rọ́bà tó bá ti há mọ́ eyín méjì á máa wá ibi tó tín-ín-rín lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, á yọ̀ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín. Ẹni tó ni ín á jí, kò ní rí i, á rò pé ó jábọ́ sórí ibùsùn tàbí pé òun gbé e mì. Á wá mú òmíràn fi sí i.

Èyí tó wọlé yẹn ò dúró o. Bó ṣe ń gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò ló ń gé àwọn okùn yẹn, tí eegun sì ń yọ́ níwájú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹran ìdí eyín á wú, á pọ́n, ọyún lè máa jáde. Eyín méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n á sì dà bíi pé wọ́n gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń jáde kúrò nínú ihò wọn. Ẹni tó ń wá bí èjí ṣe máa dí lè pàdánù eyín méjì tí kòkòrò kankan kò jẹ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: rọ́bà náà kì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray. Eegun tó ti jẹ nìkan ni dókítà máa rí, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí àrùn ìdí eyín lásán. Nítorí náà, bí èyíkéyìí bá ti sọnù mọ́ yín lẹ́nu rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Ẹ má tijú. Dókítà ni yóò ṣí ẹran ìdí eyín, yóò yọ ọ́, yóò fọ ibẹ̀, yóò sì so eyín náà mọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bóyá eyín náà máa dúró tàbí kò ní dúró, iye eegun tó ṣẹ́kù ló máa sọ.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí àwọn dókítà náà ń lo rọ́bà?" À ń lò ó. Ara ìkọ́ tó wà lórí wáyà là ń fi í kọ́, kì í ṣe ọrùn eyín lásán, wáyà náà ló sì ń jẹ́ kí eyín àti gbòǹgbò rẹ̀ jọ rìn. Rọ́bà nìkan, orí eyín ló ń fà. Gbòǹgbò á dúró síbi tó wà, eyín á sì kàn dà lu ara wọn.

Ó ku tiyín, Màmá. Ẹni tó fẹ́ so èjí yín pọ̀ kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè: kí ló dé tó ń fẹ̀ sí i? Èjí tí wọ́n bí mọ́ yín kì í ṣe àìsàn, kò sì sí òfin tó ní kí ẹ dí i. Ṣùgbọ́n èjí tó ń fẹ̀ lẹ́yìn ọdún 35, 40, àrùn ìdí eyín ni mo kọ́kọ́ máa fura sí, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde tí ẹ bá ń fọ eyín. Eegun ń lọ sílẹ̀, eyín ò rí ohun gidi dì mú mọ́, ahọ́n àti ètè wá ń tì í kiri. Fi rọ́bà sórí irú eyín bẹ́ẹ̀, á tètè tú.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn bí àyè tó wà láàárín eyín àti ẹran rẹ̀ ṣe jìn tó, ojúkò mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Bó bá ti tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ibẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n á ha ìdọ̀tí líle tó gan mọ́ gbòǹgbò kúrò, ẹ ó sì dúró bí oṣù mélòó kan kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tó ń mú eegun le, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, torí ó lè yí ìtọ́jú padà.

Irọ́ gbáà ni pé wáyà eyín kò ṣiṣẹ́ fún àgbà. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù, bí eegun àti ẹran ìdí eyín bá ti yá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àgbọ̀n àgbàlagbà kò dàgbà mọ́: a lè sún eyín yín, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbọ̀n fúnra rẹ̀ ló há tàbí tó kéré, ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Wáyà onírin ló lágbára jù. Èyí tí wọ́n fi seramíìkì ṣe kì í hàn púpọ̀, ó kàn máa ń tètè fọ́. Aligner, ìyẹn ike tó mọ́ gaara tí wọ́n ń fi bo eyín, dára fún èjí lásán, ṣùgbọ́n wákàtí 20 sí 22 lójúmọ́ ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu. Ẹni tó bá ń yọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, kó má lò ó. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, èyí tó jọ àwọ̀ eyín, mú kí eyín méjèèjì fẹ̀ díẹ̀, láìsún nǹkan kan, bí èjí náà bá kéré tí kò sì fẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá sún un, èjí fẹ́ràn láti padà wá. Wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú, tàbí kí ẹ máa fi retainer, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu kí eyín má bàa sún padà, sùn. Kì í ṣe fún oṣù mẹ́fà o. Títí lọ ni.

Ní ti ọmọ, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é rárá. Láti nǹkan bí ọdún 7 sí 11, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ní àlàfo níwájú lókè, eyín á sì dà bíi pé ó tóbi ju ojú wọn lọ. Nígbà tí eyín ṣóńṣó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá hù, ní nǹkan bí ọdún 11 sí 12, wọ́n sábà máa ń tì í pa dé fúnra wọn. Síbẹ̀, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò, nítorí àwọn dókítà tó ń to eyín ní Amẹ́ríkà gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti wo ẹnu ọmọ tó bá fi máa pé ọdún 7. X-ray á fi hàn bóyá eyín kan tó lé sí iye tó yẹ wà láàárín méjèèjì nínú eegun. Ẹ má jáfara bí eyín òkè rẹ̀ bá ń wọ inú ti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá pa ẹnu dé, bó bá ṣì ń mu ìka, bí eyín iwájú bá yọ síta gan-an débi pé ìṣubú kan lè ṣẹ́ ẹ, tàbí bí eyín ẹ̀gbẹ́ kan bá ti hù fún oṣù mẹ́fà tí ìkejì rẹ̀ kò yọjú.

Bí wọ́n bá ní àjà ẹnu rẹ̀ há, wọ́n lè fi irin tó ń fẹ àjà ẹnu, tó ní ìdè tí wọ́n ń yí, sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i nílé; ìyípo kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Àlàfo á là níwájú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má bẹ̀rù, àmì pé eegun ń ṣí ni, á sì padà pa dé. Ẹ má yí i ju iye tí wọ́n kọ fún yín lọ.

Bí ẹnì kan bá sì ní òun fẹ́ gé ẹran tó so ètè òkè mọ́ àárín eyín ọmọ náà nísinsìnyí, kí àlàfo lè dí, ẹ ní kó dúró ná. Wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ dìgbà tí eyín ṣóńṣó bá hù, tí wáyà bá sì ti pa àlàfo náà dé, torí àpá rẹ̀ lè dí eyín lọ́nà. Ẹ lọ bi dókítà mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.