Ṣé fóòmù inú ògiri wágọ̀nù ọkọ̀ ojú irin lè mú ẹrù tutù?

Ẹ ní ṣé tòmátì tó bá wọ wágọ̀nù tó ní fóòmù lára ògiri á tutù títí dé Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Rárá o! Fóòmù kì í mú nǹkan tutù, ooru ìta ló ń dí lọ́nà. Ẹ wo kúlà àwọn tó ń ta omi ní gáréèjì Láfẹ́nwá: yìnyín ló ń ṣiṣẹ́, fóòmù kàn ń ṣọ́ ọ ni. Nítorí náà, wágọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ amúntutù tàbí yìnyín. Irú fóòmù tó wọ́pọ̀ ni polyurethane. Gáàsì tó há sínú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá.

Ọ̀dà epoxy tí wọ́n ń kùn sínú wágọ̀nù yàtọ̀: kí irin má baà dípẹtà, kí ẹrù má sì lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí wẹ́dà má jó irin nítòsí fóòmù; ó ń gbiná, èéfín rẹ̀ sì lóró gan-an.