Ẹ Bi Ìyá Wolé-wolé: Tìróò ojú ọmọ, ẹ̀wà olóògùn àti èso Zuba

Ọ̀rọ̀ májèlé tó ń bá wa gbé inú ilé ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí mi lóṣù yìí. Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe ní Ìpínlẹ̀ Niger títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kubwa ni mo wà báyìí.

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọkọ mi wá láti Ọ̀ffà sí Minna láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Tí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ tán láàárọ̀, wọ́n á lé tìróò fún un. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ojú ọmọ ṣèpin, ó sì ń jẹ́ kó tóbi. Nọ́ọ̀sì tó fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára rí i, ó ní òjé (lead) wà nínú ẹ̀. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní àwọn lé e fún ọkọ mi náà, ojú ẹ̀ ò fọ́. Mi ò fẹ́ kí ilé dàrú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá Àdùkẹ́, Minna

Ìyàwó wa, òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Kí ẹnikẹ́ni má lé tìróò fún ọmọ yẹn mọ́ láti òní lọ. Ti ìyá ọkọ yín, màá dé orí ẹ̀.

Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe tìróò, èyí tí àwọn Hausa ń tà ní kwalli, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Èyí tí kò ju ẹyọ ẹkùrọ́ kan lọ á wúwo lọ́wọ́ yín débi tí ẹ ó tún un wò. Tẹ́ ẹ bá fi ọmọ ọlọ lù ú, kì í rún wómúwómú bí òkúta yòókù. Ṣe ló máa ń là ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ibi tó ti là á sì máa kọ mànà. Òjé ló fún un ní gbogbo ìwúwo yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá wá lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n dì í sínú ọ̀rá pélébé, kò sí ojú tó lè dá a mọ̀ mọ́.

Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n bá òjé máíkírógíráàmù 13 nínú ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé tìróò tó ti Nàìjíríà wá ni, láti ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì ti ń lé e fún un. Wọ́n gbé tìróò yẹn fúnra rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, òjé nìkan kó 82.6. CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2012. Tìróò wa ni o, kì í ṣe ti ìlú ẹlòmíì.

Ẹnu ni ó ń gbà wọlé jù. Ọmọ á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ kan náà bẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé òjé tí ọmọdé bá gbé mì, ara rẹ̀ ń fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ. Ó ń lọ sí ọpọlọ, ó ń lọ sá sínú egungun àti eyín, ibẹ̀ ni á wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọbìnrin náà bá dàgbà tó lóyún, ó lè tinú egungun rẹ̀ bọ́ sára ọmọ inú. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí WHO sọ pé kò léwu. Wọ́n ní bó bá ti pé máíkírógíráàmù 5 nínú ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó ń gbà wọlé, kí wọ́n dí i.

Nítorí náà, tí Màmá bá ní ojú ọkọ yín kò fọ́, kì í ṣe ojú là ń sọ. Ọmọ lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa sanra, kí ìyá má fura sí nǹkan kan, títí dìgbà tí ìwé ò bá wọ orí rẹ̀ tí wọ́n á máa nà án pé olódo ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àríwá, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé Zamfara. Lọ́dún 2010, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, ní agbègbè Anka àti Bukkuyum, àwọn èèyàn ń wa góòlù, wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà ilé níbi táwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òkúta yẹn kún fún òjé. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ní gìrì, wọ́n ń kú, àwọn òbí wọn rò pé ibà ni. Ìgbà tí àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières débẹ̀ tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò ni àṣírí tú. Wọ́n fojú bù ú pé, ó kéré tán, ọmọ 400 ló kú.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ìyàwó wa. Wọn ò kàn gbé oògùn fún àwọn ọmọ kí wọ́n dá wọn padà sínú ọgbà yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ kúrò ní agboolé, wọ́n da erùpẹ̀ mímọ́ sí i, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó bá padà sínú eruku á tún kún fún òjé. Abúlé Bagega dúró de owó iṣẹ́ yẹn títí di 2013. Ẹ rò ó wò, ọmọ ti ṣàìsàn, gbogbo ayé ti mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n wá ń dúró de owó.

Kó tó di pé a gbàgbé, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger tiwa. Lọ́dún 2015, ní Shikira, ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ọmọ 28 ló kú. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ àwa wolé-wolé ni kí a yẹ ṣálángá wò, kí a ṣí ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, kí a wo ọwọ́ olóúnjẹ. Kò sí ohunkóhun nínú àpò wa tó lè wọn òjé nínú eruku. Ikú àwọn ọmọ ló jẹ́ ìròyìn fún ìjọba, nígbà Zamfara àti nígbà Shikira. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń wa góòlù, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò látìgbàdégbà, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tí gìrì bá dé. Kwalli tó wà lọ́jà, ó yẹ kí wọ́n máa rà á wò, kí wọ́n máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún aráyé.

Òfin ò ṣàìsí. NAFDAC, tí òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń ṣàkóso ohun ìṣaralóge pẹ̀lú oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n tìróò inú ọ̀rá kò ní nọ́ńbà, kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ tì pa. Ibi tí ọwọ́ òfin kò tó yẹn gan-an ni ọmọ yín wà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú àti ọwọ́ ọmọ, ẹ fọ ìrọ̀rí àti aṣọ tó fi ń sùn. Ibi tí tìróò bá kù sí, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbọn eruku rẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ nílé, ẹ ò gbọdọ̀ lọ ata lórí ọlọ yẹn mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ibà kò lè fi hàn. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Ẹ mú tìróò yẹn dání, tòun ti ọ̀rá rẹ̀, kẹ́ ẹ tún lọ fi han ọ́fíìsì NAFDAC ní Minna níbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á.

Ó wá ku Màmá. Ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí o. Ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn gbéra láti Ọ̀ffà. Ọkọ yín ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kúnlẹ̀ sọ ọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó má sì sọ ọ́ lójú yín. Lọ́jọ́ àjẹsára tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí Màmá fúnra wọn gbé ọmọ lọ, kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn bí àgbà sí àgbà. Bí wọ́n bá ní sunnah, ìṣe Ànábì, ni, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bi àlùfáà léèrè bóyá ẹ̀sìn ní kí a fi òjé sójú ìkókó. Bí ojú ọmọ bá ń ṣèpin, omi tí wọ́n sè tó ti tutù àti òwú mímọ́ ti tó. Bí kò bá lọ, dókítà ló kàn.

Ìyá wolé-wolé, ẹ̀wà ni mò ń tà ní Nyanya. Àwọn tó ń kó o wá láti Kánò sọ pé piapia ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, torí láìṣe bẹ́ẹ̀ kòkòrò á lù ú. Tí oníbàárà bá fọ ẹ̀wà dáadáa, ṣé oògùn yẹn ò ní lọ? — Alhaja Ẹlẹ́wà

Alhaja, ẹ kú ọjà. Fífọ̀ lè dín in kù, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé á lọ tán. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú piapia, iṣan ara ló ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó kan oúnjẹ.

Lọ́dún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí oògùn yìí. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n bá nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó dé 4.6. Wọ́n dá èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn padà. Èyí tó wà nílé ńkọ́? Àwa là ń fi í se mọ́ínmọ́ín fún ọmọ wa.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ béèrè àpò PICS lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan oko. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun bò wọ́n lóde. Ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ dà sí i, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ọ̀rá àkọ́kọ́ pinpin, ẹ di èkejì, kẹ́ ẹ tó di àpò. Kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, wọ́n á kú. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, àmọ́ ẹ lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí kò bá ya. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ẹ̀wà yín kò rí oògùn, ẹ ó rí i pé wọ́n á wá yín wá.

Ọ̀rọ̀ ìgò náà ń kọ mí lóminú. Láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta ìgò dichlorvos kéékèèké tó wà ní mílílítà 100, kí ilé ìtajà ńlá má sì kó o sórí pẹpẹ mọ́. Síbẹ̀ mò ń rí àwọn tó ń rọ piapia sínú ìgò omi àti ìgò mínírà ní ọjà. Ìgò omi! Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò ní béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tí ẹyinjú dúdú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má kì í lọ́wọ́ sọ́fun kó lè bì. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò yẹn lọ́wọ́. Dókítà ní oògùn tó ń jẹ́ atropine, ó sì gbọ́dọ̀ tètè dé ara rẹ̀.

Ẹ ǹlẹ́ o, Mà. Mo ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti máńgòrò ní Zuba lọ sí Gwagwalada. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí wọ́n fi kábáìdì pọ́n? — Bàbá Tọ́lá

Bàbá Tọ́lá, kábáìdì táwọn wẹ́dà ń lò yẹn, arsenic àti phosphorus máa ń bá a rìn, òun la ò fẹ́ lára èso. NAFDAC ti kìlọ̀ títí lórí ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú láìní àmì dúdú kankan lára, tí ìdí ọ̀pá rẹ̀ ò bá ara yòókù mu, ẹ fura sí i. Máńgòrò tó pọ́n lóde, tó le nínú, tí kò sì ní òórùn, ẹ fura sí òun náà. Ìfura nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí náà ẹ má pariwo lé olójà lórí. Tẹ́ ẹ bá rí èérún kábáìdì tí wọ́n dì sáàárín èso nínú agbọ̀n, ìyẹn kúrò ní ìfura. Olú iléeṣẹ́ NAFDAC wà ní Wuse Zone 7 ní Àbújá, ẹ lọ fi tó wọn létí pẹ̀lú orúkọ ìlà tí ìsọ̀ náà wà. Fún ọjà tiyín, ẹ ra èyí tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, ẹ kó o sínú àpò pẹ̀lú èso mélòó kan tó ti pọ́n, kẹ́ ẹ bò ó, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.