Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, bọ́ọ̀lù kò wọ ihò

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Bọ́ọ̀lù mi máa ń jìnnà ju tàwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tàsé. Èmi ni mo sanwó ẹran ìgbẹ́ àti ọtí fún gbogbo wọn. Ṣé kí n ra pọ́tà (igi tí a fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù sí ihò) gígùn tí wọ́n ń gbé ti àyà ni?
— Akọ̀wé Owó Tó Fẹ̀yìn Tì

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi owó yín sápò. Pọ́tà gígùn kò lòdì sófin, àmọ́ láti ọdún 2016 ni òfin gọ́ọ̀fù ti ní a ò gbọdọ̀ fi ìdí rẹ̀ ti àyà tàbí ikùn bí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó jẹ ẹran yín yẹn, ẹ rò pé wọn ò ní pariwo?

Ihò yẹn kò kéré o. Ó fẹ̀ tó mílímítà 108, bọ́ọ̀lù kò sì ju bíi 43 lọ. Bọ́ọ̀lù méjì á wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè á ṣì ṣẹ́ kù. Níbi tó bá tẹ́jú, tí ẹ ò gbá a jù, ojú pọ́tà (ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù) ní láti yẹ̀ ju dígírì mẹ́ta lọ kí ẹ tó tàsé láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ojú pọ́tà ni mo wí, kì í ṣe ìdúró ẹsẹ̀.

Kí ló wá ń yí i? Àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé ẹ ń yára wo ihò. Bí orí bá ti gbé sókè, èjìká á tẹ̀ lé e, ojú pọ́tà á sì yà.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣe èmi náà. Nígbà tí mo ń ru àpò lọ́mọdé ní ìtòsí Ṣágámù, kò sí koríko nídìí ihò wa. Iyanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì pò ni, bíráwùn là ń pè é. Àwa kádì, ìyẹn àwa tí ń ru àpò, la máa ń fi igi wọ́ ọ kó tẹ́jú kí ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù. Nírọ̀lẹ́, táwọn ọ̀gá bá ti lọ, a ó máa fi kọ́bọ̀ ta láàárín ara wa. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jẹ mí, títí àgbà kádì kan fi ní, “Ìwọ, ojú lo fi ń gbọ́ràn ni?” Agolo ló wà nínú ihò wa, bí bọ́ọ̀lù bá já sí i, á dún kọ̀ǹ. Látọjọ́ náà, n kì í gbórí títí n ó fi gbọ́ kọ̀ǹ yẹn.

Ẹ lọ fi owó ẹyọ kan (ta ló ṣì ń ná an?) sábẹ́ bọ́ọ̀lù lórí kápẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ to agolo mílíìkì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, kí orí pọ́tà ṣáà lè gbà láàárín wọn. Ẹ fi ife onírin dùbúlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i. Bí ẹ bá gbá a, owó yẹn ni kí ojú yín ṣì máa wò. Ẹ máa ṣe é títí ìyàwó á fi gbé ìkọ́kọrẹ́ délẹ̀.

Ní ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ má dúró pẹ́ lórí bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 1970, ní St Andrews ní Sìkótíláǹdì, ó ku kí agbágọ́ọ̀fù Doug Sanders gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò láti ìtòsí báyìí kó lè gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje Open. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa nǹkan lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, kò kúrò lójú kan, kò tún ìdúró rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó sì tàsé. Bí òun àti Jack Nicklaus ṣe dọ́gba nìyẹn; nígbà tí wọ́n tún gbá a lọ́jọ́ kejì, Nicklaus fi ìgbá ẹyọ kan ṣoṣo lù ú. Bí ohunkóhun bá dí yín lọ́wọ́, ẹ sún sẹ́yìn pátápátá.

Láti 2019, òfin gbà kí ẹ fi igi àsíá sílẹ̀ nínú ihò. Èmi ṣì máa ń ní kí kádì yọ ọ́, kí n lè gbọ́ agolo dáadáa.