Ta Ni Ká Kọ́kọ́ Bá Sọ̀rọ̀ Kí Á Tó Ṣètò Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Alábòójútó?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ inú páálí ní Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, a gba olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan láti kọ́ àwọn alábòójútó wa bí a ṣe ń darí ènìyàn. Inú wọn dùn, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ti ní kí n ṣètò òmíràn. Nígbà tí mo gbé èyí tí mo kọ tán lọ fún àwọn olórí ẹ̀ka, ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá kọ́kọ́ pe gbogbo wọn jọ, kálukú yóò mú tirẹ̀ wá, ètò náà kò sì ní parí láéláé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olórí ẹ̀ka yẹn sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè sọ ọ́ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá gbé ètò tó ti parí wá bá, kò sí ohun tó kù fún un ju kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí ó bá fọwọ́ sí i pàápàá, ètò yín ni yóò kà á sí, nítorí náà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, òun gan-an ni yóò ránṣẹ́ pe alábòójútó jáde kúrò nínú kíláàsì. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe béèrè irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fẹ́. Ìbéèrè yẹn ló ń mú kí kálukú mú tirẹ̀ wá, nítorí pé ohun tó gbọ́ níbòmíràn ni yóò kàn dárúkọ. Ẹ béèrè ohun tó ń bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ohun tí alábòójútó ṣe nígbà náà, àti ohun tí ì bá ṣe. Ẹ lè gbọ́ pé ẹ̀rọ dúró lóru, tí alábòójútó kò sì lè pinnu nǹkan kan títí ọ̀gá fi dé láàárọ̀. Ìyẹn lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rárá: bí ilé-iṣẹ́ kò bá fún un láṣẹ láti pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lóru, kò sí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó lè fún un. Ẹ sì lè gbọ́ pé ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga kò lè bá ẹni tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí wí. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín wa, ó sì yẹ kí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣáájú, nítorí pé àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè kì í kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe sọ fún ẹni tó ń pè ní bọ̀dá tàbí àǹtí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, kí àpọ́nlé má sì bàjẹ́.

Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà, ti pín ìdíwọ̀n ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́rin: bó ṣe rí lára akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó kọ́, ìyípadà ìṣe rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àti àǹfààní tí ilé-iṣẹ́ rí. Ìpele àkọ́kọ́ ni ti èṣí yín dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti ọdún yìí láti ìkẹrin, kí ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn. Àwọn olórí ẹ̀ka ló sì mọ ohun tí ìkẹrin yẹn yóò jẹ́.

Ẹ má ṣe pe gbogbo wọn sí ìpàdé kan ṣoṣo. Ẹ rí àwọn olórí ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá bá díẹ̀ nínú àwọn alábòójútó sọ̀rọ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ wọn, láìsí ọ̀gá wọn níbẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí ìpàdé ọ̀sán kì í kàn. Ẹ tètè fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa rò pé ẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà wá ẹni tí ẹ máa dá dúró. Akápò náà ṣe pàtàkì: ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù ọdọọdún fún ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ó sì lè gba tó ìdajì rẹ̀ padà bí ẹ̀kọ́ tó ṣe bá bá ìlànà àjọ náà mu. Ẹ̀yìn tí owó ti lọ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń rántí èyí.

Ní ti ìbẹ̀rù yín, kí ọ̀gá àgbà yan ẹnì kan tí yóò ṣe ìpinnu, kí gbogbo àwọn yòókù sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìmọ̀ràn ni tiwọn. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn mọ. Ẹni tí ẹ kò bá lo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ padà lọ sọ ìdí rẹ̀ fún un fúnra yín. Nígbà tí ẹ bá wá kọ ètò náà, kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ tirẹ̀ sí i: ẹni tí yóò di ipò alábòójútó mú ní àkókò kíláàsì, àti ọjọ́ tí òun àti alábòójútó yóò jókòó lórí ohun tó kọ́, kí oṣù kan tó pé. Olórí ẹ̀ka tí kò bá lè kọ èyí, ẹ jẹ́ kí àwọn alábòójútó tirẹ̀ dúró de ọ̀wọ́ kejì.