Okùn kọ́mú ń já bọ́ léjìká ọmọ mi: irú èwo ni kí n rà fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 12 lóṣù tó kọjá. Ó ti tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí ọmú rẹ̀ ti ń yọ. Mo ra kọ́mú mẹ́rin fún un lọ́jà, 34B ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó tóbi díẹ̀ kó lè bá a dàgbà. Ní báyìí, ó ní okùn rẹ̀ ń já bọ́ léjìká, abẹ́ ọmú ń yún òun, kò sì fẹ́ bá wọn sáré mọ́ nígbà eré ìdárayá nílé ìwé. Ọmú òsì tún tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n fi ọ̀já gbà á láyà kí ọmú náà má bàa tètè dàgbà jù. Oṣù Kẹsàn-án ni yóò wọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀já gba ọmọ yìí láyà. Inú ara ni ohun tó ń mú ọmú yọ ti ń wá: ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin, ilé ẹyin á wá tú hòmóònù sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀já tó lè dá iṣẹ́ yẹn dúró. Ohun tí ọ̀já máa ṣe ni pé kó fún ọmọ láyà, kó má jẹ́ kó mí kanlẹ̀, kó sì sé òógùn mọ́ ọn lára títí awọ ibẹ̀ á fi bó. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ti ọmọ odó tàbí òkúta bọ iná, wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ láyà. Ìyẹn burú jọjọ. Ó ń jó ọmọ, ó ń ba ẹran ọmú jẹ́, ó sì lè di eéwo.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń bá èyí rìn. Bí ọmú ọmọ bá tètè yọ, àwọn ènìyàn á ní ọkùnrin ló ti fọwọ́ kàn án. Irọ́ ni. Ọwọ́ kì í mú ọmú dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọmú kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Bí ẹ bá ní ìdí mìíràn láti fura pé ẹnì kan ń yọ ọmọ lẹ́nu, ẹ fi sùúrù bi í léèrè, kí ẹ sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án. Ọmọbìnrin kan lè bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 8, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 13 kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 10 àti ààbọ̀. Kò yá jù, kò pẹ́ jù.

Ti òsì tó tóbi ju ọ̀tún náà kò ní kẹ́ ẹ jáyà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ: kókó kékeré kan tó le díẹ̀ lábẹ́ orí ọmú, tó máa ń dun ọmọ bí tábìlì tàbí báàgì bá gbá a. Èkejì lè fi oṣù mélòó kan tẹ̀lé e. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, àmọ́ ti àwa àgbàlagbà pàápàá kì í sábà rí bákan náà. Bí ẹ bá ń ra kọ́mú, ẹ̀gbẹ́ tó tóbi ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n.

Ó wá ku 34B yẹn.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi rà á tóbi. Bí a ṣe ń ra bàtà àti aṣọ ilé ìwé fún ọmọ nìyẹn, owó kò sì sí nílẹ̀ tí a ó fi máa ra tuntun ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ara tí ọmọ ní lónìí ni kọ́mú ń bá ṣiṣẹ́. Èyí tó tóbi kò gbé nǹkan kan, ó kàn ń ha ọmọ lára ni. Gbogbo ohun tí ọmọ yín ń ráhùn nípa rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé okùn èjìká ló ń gbé ọmú. Kì í ṣe òun. Ìgbànú kọ́mú, èyí tó yí àyà ká lábẹ́ ọmú tí ìkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo bí a ṣe ń pọn ọmọ: ọ̀já tó yí wa ká ló gbé ọmọ dúró, a kò so nǹkan kan kọ́ èjìká. Bí ìgbànú kọ́mú bá ti fẹ̀ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gòkè lọ sọ́nà èjìká, iwájú á já wálẹ̀, okùn á yọ̀ kúrò lórí èjìká. Ìyá á wá fa okùn náà kúrú, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọmọ lára. Kọ́mú tí kò dúró sójú kan á máa ra awọ lábẹ́ ọmú, òógùn á gbá jọ síbẹ̀, ó di yíyún. Ọmọ tí nǹkan bá sì ń mì láyà rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé á fẹ́ sáré?

Nínú 34B, 34 ni ìgbànú, B ni ibi tí ọmú ń wọ̀ sí, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní kọ́ọ̀pù. Ẹni tí abẹ́ ọmú rẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 34 ni wọ́n rán an fún. Ọmọ ọdún 12 tí kò sanra kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n nílé, nínú yàrá, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Tépù tí àwọn télọ̀ ń lò ti tó. Bí ojú bá ń tì í, kó wọ síngílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ fi tépù yí i ká lábẹ́ ọmú gan-an, kó dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, kó lẹ̀ mọ́ ara láìfún un, kí ọmọ sì mí jáde kí ẹ tó kà á. Ẹ tún wọn ibi tí ọmú ti yọ síta jù. Níbí, ẹ má fa tépù rárá. Ká ní ti abẹ́ ọmú jẹ́ íńṣì 29 àti ààbọ̀, tí ti òkè sì jẹ́ 31. Nọ́ńbà bíi 28, 30, 32 ni wọ́n ń rán, nítorí náà ẹ sún 29 àti ààbọ̀ sí 30. Ẹ yọ 30 kúrò nínú 31, ó ku 1. Íńṣì 1 ni A, 2 ni B, 3 ni C, 4 ni D. Bí kò bá tó 1, AA ni. Ọmọ bẹ́ẹ̀, 30A ló wà fún un. Ẹ rí bó ṣe jìnnà sí 34B tó. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fi 4 tàbí 5 kún ti abẹ́ ọmú. Ọ̀nà àtijọ́ ni, òun gan-an ló sì ń sọ ọmọ 30 di 34. Ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Bí ẹ bá rí 65, 70 tàbí 75 lára kọ́mú, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Òdiwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù ni, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Ṣáínà wọlé: 65 jẹ́ 30, 70 jẹ́ 32, 75 jẹ́ 34.

Ní òótọ́, 30 kì í wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ẹni tó ń tà á á ní 32 ló kéré jù lọ́wọ́ òun, ẹ sáà mú un. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, èmi fúnra mi á kọ́kọ́ mú irú èyí tí kò ní ìkọ́, tí ọmọ ń ti orí wọ̀ bíi síngílẹ́ẹ̀tì kúkurú, tí rọ́bà tó fẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. S àti M ni wọ́n fi ń tà á. Fún ọmọ tí ọmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, mi ò tíì rí èyí tó tù wọ́n lára jù ú lọ, ó sì máa ń gba ìdàgbà díẹ̀ mọ́ra. Bó bá jẹ́ onííkọ́ lẹ ṣáà fẹ́, ẹ ra 32, kí télọ̀ gba ìgbànú rẹ̀ wọlé díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Bó bá jẹ́ òkìríkà lẹ ń rà, ẹ fa ìgbànú rẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sáré padà sí bó ṣe wà, rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó lẹ́wà tó. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ èyí tí ẹ bá rà, kó tó kan ara ọmọ.

Ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n láàárín èrò. Ẹ ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé láti ilé. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn kí ẹ tó sanwó pé bí kò bá bá a mu, ẹ ó dá a padà láìwọ̀ ọ́ jáde. Nílé, kó fi í kọ́ ìkọ́ tó wà ní ìparí pátápátá, èyí tó fẹ̀ jù, torí ìgbànú á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìkọ́ tó kù á sì wúlò nígbà yẹn. Ìka méjì ló yẹ kó lè wọ abẹ́ ìgbànú, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kó kúnlẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà, kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, kó wá fò sókè. Bí ìgbànú bá gòkè pẹ̀lú ọwọ́, ó fẹ̀ jù. Bí ọmú bá yọ jáde lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kọ́ọ̀pù ló kéré. Bí kọ́ọ̀pù bá hunjọ, ó tóbi. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Bó bá ní ó ń fún òun, ó ń fún un nìyẹn, ẹ má bá a jiyàn.

Mi ò ní kí ẹ ra oníwáyà fún un nísinsìnyí. Kì í ṣe pé wáyà ń fa jẹjẹrẹ o, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọmú tó ṣì ń yí padà ni wáyà á máa tẹ̀ níbi tí kò yẹ. Fóòmù tó nípọn ń mú ooru, kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ òwú tàbí èyí tí òwú pọ̀ nínú rẹ̀ ló bá ojú ọjọ́ wa mu. Lábẹ́ aṣọ ilé ìwé funfun, ẹ má ra kọ́mú funfun, ó ń hàn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ara ọmọ ni kì í hàn.

Ti eré ìdárayá dùn mí púpọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé tó lé ní 2,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní ọmú àwọn ń kó bá eré ìdárayá àwọn, ó sì lé ní ìdajì tí kò wọ kọ́mú eré ìdárayá rí. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọmọ tó fẹ́ràn eré á kàn dédé máa sọ pé inú ń run òun lọ́jọ́ eré. Ẹ ra kọ́mú eré ìdárayá kan fún un, ó kéré tán. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ara ju ti ojoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n kó lè mí dáadáa nínú rẹ̀. Kó fò nínú rẹ̀ níwájú yín kí ẹ tó gbà pé ó dára.

Ní ti yíyún, kó máa fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ abẹ́ ọmú, kó sì nu ún gbẹ pátápátá. Kó má fi páúdà olóòórùn dídùn síbẹ̀. Ẹ bi í níbi tó ń sá kọ́mú rẹ̀ sí. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n á fi kọ́mú tútù pamọ́ sábẹ́ ìró tàbí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ láìgbẹ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni òórùn àti èélá ti ń wá. Kó fi omi tútù fọ̀ ọ́, kó má lọ́ ọ, kó sá a síbi tí atẹ́gùn wà, níbi tí oòrùn kò ti pa á, nítorí oòrùn a máa jẹ rọ́bà. Kọ́mú tó gbẹ lórí okùn kì í ṣe ohun ìtìjú nínú ilé yín, ìyá, ẹ jẹ́ kó gbọ́ èyí lẹ́nu yín. Bí abẹ́ ọmú bá pọ́n, tó ń rin, tó sì ń rùn, ẹ mú un lọ sí kíliníkì, wọ́n á fún un ní oògùn ìpara.

Bó bá fẹ́, kó bọ́ kọ́mú lálẹ́. Kò ní mú ọmú rẹ̀ já wálẹ̀.

Ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde lórí ọmú, bó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá, tàbí bí kókó kan bá ń yára tóbi. Ọmọ tí ọmú rẹ̀ ti yọ kó tó pé ọdún 8, tàbí tí kò yọ rárá títí tó fi pé 13, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni ọmọ tí ọmú rẹ̀ wúwo débi tí ẹ̀yìn àti ọrùn ń dùn ún lójoojúmọ́.

Fún ilé ìwé tó ń lọ, kọ́mú ojoojúmọ́ mẹ́rin àti ti eré ìdárayá méjì ti tó, kó lè máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi òwú ṣe àmì sí i nínú, torí yíǹkì á ṣí. Ẹ má rà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà rẹ̀ ti yí kí ọdún tó parí. Nígbà tó bá dé fún ìsinmi Kérésìmesì, ẹ tún mú tépù jáde. Àwọn 34B mẹ́rin yẹn, ẹ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá mu nínú ẹbí.